Ọmọ méjìlá, làpútọ́ọ̀pù mẹ́fà, Sátidé-Sátidé ní Ìkòròdú: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Olùkọ́Ìgbógbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, láti aago mẹ́sàn-án sí méjìlá. Ọmọ méjìlá ni wọ́n, láti ọmọ ọdún 16 sí 21. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán ni, wọ́n ń dúró de JAMB. Àwọn méjì wà ní yunifásítì LASUSTECH. Làpútọ́ọ̀pù mẹ́ta la ní, owó tó wà nílẹ̀ á ra àlòkù mẹ́ta sí i. Iná ìjọba kò ṣe é gbára lé.

AI àti cybersecurity (dídáàbò bo kọ̀ǹpútà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ni àwọn ọmọ ń béèrè, torí òun ni wọ́n ń rí lórí TikTok. Ìgbà tí owó máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ni àwọn òbí ń béèrè. Èmi àti ẹnì kejì mi tí a jọ fẹ́ ṣe é ń bi ara wa léèrè pé kí ló yẹ kó ṣíwájú, báwo la ṣe máa ṣe ti ẹ̀rọ àti iná, àti pé kí gan-an ni iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́ ọmọ sọ́nà, yàtọ̀ sí pé kó máa gbà wọ́n níyànjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ṣe é gan-an, ẹ má fi ohunkóhun sínú.

WáyàMẹ́jọ

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹ̀rọ àti iná, torí ibẹ̀ ni irú ẹ̀kọ́ báyìí ti máa ń dáwọ́ dúró kí oṣù kejì tó pé.

Ẹ má ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ọ̀kan pẹ̀lú ojú rẹ̀ lè jẹ 100 watt tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí iná bá sì ti ṣẹ́jú, gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ ò tíì sévù ti lọ. Làpútọ́ọ̀pù tó ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké kì í sábà ju 30 watt lọ. Mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 180. Fún wákàtí mẹ́ta, ó di 540 watt-hour. Bátìrì ínfátà kan tó jẹ́ 12V 200Ah ń gbé 2,400 lórí ìwé, àmọ́ bó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí gel, ẹ má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kó má bàa tètè kú. Tí ẹ bá tún yọ èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, bí 1,000 ló kù. Ó tó yín, ó tún ṣẹ́kù fún router (ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi) àti fáànù kan. Ohun tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ ni kí ẹnì kan lọ ki áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tùlù bọ ihò iná kan náà. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri pé èèwọ̀ ni.

Ti dátà wá ńkọ́? Windows máa ń jẹ dátà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá so ẹ̀rọ mẹ́fà mọ́ router kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, update lè gbé gígábáìtì púpọ̀ lọ kí ẹ tó kí ara yín tán. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Network & internet, ẹ yan Wi-Fi tí ẹ ń lò, kí ẹ tan "Metered connection". Ẹ ṣe é lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan kì í ṣe é fún èkejì.

Ohun tó pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yín kò tilẹ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Router tí kò ní dátà ṣì ń so ẹ̀rọ mẹ́fà pọ̀. Ẹ fi Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) sórí ẹ̀rọ olùkọ́, ẹ ṣí terminal (ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) nínú fódà tí ẹ̀kọ́ wà, kí ẹ tẹ `python -m http.server 8000`. Ẹ tẹ `ipconfig` láti rí àdírẹ́sì ẹ̀rọ yẹn. Ká ní 192.168.1.5 ni, àwọn ọmọ á kọ 192.168.1.5:8000 sínú browser, gbogbo fáìlì á sì yọ síwájú wọn. Bí kò bá ṣí, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ firewall Windows (ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà ohun tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé) ló dí i. Ẹ wò ó bóyá Public ni Wi-Fi yín wà. Ẹ yí i sí Private, kí ẹ gba Python láyè. Ẹ má kàn yanjú ẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ o. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i bó ṣe kọ̀ tó tún wá gbà, torí wọ́n ti fojú rí IP (àdírẹ́sì ẹ̀rọ), port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bíi 8000 yẹn) àti firewall nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìná kọ́bọ̀.

Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara rẹ̀ gé wáyà Cat5e (okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníwáyà mẹ́jọ) kó sì tẹ orí RJ45 (orí tó ń wọ ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì) mọ́ ọn. T568B, ìyẹn bí àwọ̀ wáyà ṣe ń tò tẹ̀ léra, ni kí wọ́n há sórí: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Ibi tí àṣìṣe wà rèé. Ọmọ tó fẹ́ kó rí nigín-nigín á to àwọ̀ ewé méjèèjì tira wọn, sí ojú kẹta àti ìkẹrin. Tẹ́sítà kékeré oníná máa tàn láti 1 dé 8, á ní òun ti ṣe tán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú kẹta àti ìkẹfà ló jọ ń ṣiṣẹ́. Wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra ló gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, kí ìdíwọ́ tó bá ta lé ọ̀kan lè ta lé èkejì lọ́gbọọgba, kí ẹ̀rọ lè yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá tú wọn níyà, okùn kúkurú lè dá a lóhùn, ti gígùn á máa já, á máa lọ́ra, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ohun tó ń ṣe é, torí tẹ́sítà ti ní kò sí nǹkan. Ẹ má tú ibi tó lọ́ mọ́ra ju 13 mm lọ, kí awọ òde sì wọnú orí kó lè gbá a mú. Láti òpin kan dé èkejì, 100 mítà ni àlà. Ẹ sá fún wáyà CCA, álúmíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Ó máa ń dá, iná PoE (iná tó ń gba inú okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tó ń lọ sí kámẹ́rà sì máa ń mú un gbóná. Ọmọ tó bá mọ èyí dunjú lè bá àwọn tó ń so kámẹ́rà ààbò (CCTV) ṣiṣẹ́ láti Sábó dé Ìjẹ̀dẹ́, a ò tíì dórí kóòdù nìyẹn.

ÌyáKóòdù

Ẹ ṣeun, WáyàMẹ́jọ. Èmi á sọ ti ohun tí wọ́n máa kọ́ àti bí ẹ ṣe máa jókòó tì wọ́n.

Ẹ má bá wọn jà lórí AI àti cybersecurity. Ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹni tó máa ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń rìn, ẹni tó sì fẹ́ ṣe AI gbọ́dọ̀ mọ Python àti ìṣirò. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti gbogbo wọn pa pọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni kálukú á yan ọ̀nà tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, fáìlì àti fódà nìkan. Ẹ má fojú di í o. Fóònù ni àwọn ọmọ yìí fi dàgbà, fóònù kì í sì í jẹ́ kí èèyàn mọ ibi tí fáìlì wà. Nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ HTML (èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì) lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ máa rí ọmọ tó kọ ọ́ pé pérépéré, síbẹ̀ tí browser ń fi kóòdù hàn án bíi lẹ́tà. Ó ti sévù rẹ̀ bí `index.html.txt`, Windows sì ti fi `.txt` yẹn pamọ́. Nínú File Explorer, ẹ tẹ View, Show, kí ẹ tan "File name extensions" lórí gbogbo ẹ̀rọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Àṣìṣe kejì nìyí: lórí làpútọ́ọ̀pù, àwòrán tó ń jẹ́ `Ile.JPG` máa ṣí bí ọmọ bá pè é ní `ile.jpg`, torí Windows kì í ka lẹ́tà ńlá sí. Lọ́jọ́ tó bá gbé e sórí GitHub Pages (ibi tí wọ́n ti ń gbé ojú ewé sórí íntánẹ́ẹ̀tì), àwòrán á pòórá, torí ibẹ̀ mọ ìyàtọ̀ ńlá àti kékeré. Lẹ́tà kékeré ni kí gbogbo orúkọ fáìlì jẹ́, kò gbọdọ̀ ní àlàfo, kò sì gbọdọ̀ ní àmì ohùn.

Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni Git (ohun tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú kóòdù) ti máa wọlé. Ẹ múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ páswọ́ọ̀dù: láti August 2021 ni GitHub kò ti gba páswọ́ọ̀dù mọ́ fún push (gbígbé kóòdù lọ sórí rẹ̀), token (kóòdù ìdánimọ̀ tó ń fúnni) tàbí SSH (kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ orí ẹ̀rọ ẹni) ló ń gbà. Fídíò àtijọ́ tí àwọn ọmọ ń wò kò sọ èyí, wọ́n á rò pé àwọn ni ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀sẹ̀ keje sí ìkejìlá, Python.

Ọmọ méjì lórí ẹ̀rọ kan. Ọ̀kan ń tẹ̀ ẹ́, èkejì ń kà á, ó sì ń sọ ohun tó kàn. Bó bá pé ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n pààrọ̀, kẹ́ ẹ fi aago fóònù ṣe é, ẹ má fi sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹ ò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹni tó yára á gba ẹ̀rọ, ẹnì kejì á di òǹwòran, wọn ò sì ní sọ fún yín.

Ẹ béèrè iṣẹ́ olùtọ́nà. Èyí tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyí: iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa tún un ṣe. Méjì lẹ jẹ́, ẹ pín ọmọ méjìlá sí mẹ́fà-mẹ́fà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan péré ni, àwọn yòókù á máa ṣiṣẹ́ lọ. Kí ọmọ ṣí iṣẹ́ rẹ̀ kó sì ṣàlàyé fún yín, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Ẹ béèrè pé "Bí mo bá yọ ìlà yìí kúrò, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Kó dáhùn kẹ́ ẹ tó yọ ọ́ wò. Ẹ kọ ohun kan ṣoṣo tó máa tún ṣe sínú ìwé, òun lẹ máa kọ́kọ́ béèrè ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan mouse. Bí ẹ bá ti gbà á lọ́wọ́ ọmọ, ìṣòro náà ti di tiyín.

Ó tún yẹ ká kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè. Bí nǹkan bá há ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀, kó fi ogún ìṣẹ́jú wá a fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó kọ ọ́ sórí WhatsApp: ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ error náà bó ṣe wà gan-an (kó dà á kọ, kì í ṣe fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà tó ń mì), àti ohun tó ti gbìyànjú. Ẹ ò ní dá ẹni tó bá kọ "Sà, kò ṣiṣẹ́" lóhùn àyàfi kí ẹ rán an létí ìlànà. Ó le létí, àmọ́ bí ọ̀gá ṣe máa retí ìbéèrè níbi iṣẹ́ nìyẹn. Bákan náà ni ChatGPT: kí wọ́n ní kó ṣàlàyé error fún wọn, kò burú. Kóòdù tí ọmọ ò bá lè ṣàlàyé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ìparí oṣù mẹ́ta, kí méjì-méjì ṣe ohun kan fún ẹnì kan ládùúgbò tó máa lò ó ní tòótọ́, bóyá ojú ewé iye owó aránṣọ kan tàbí ti alásè kan. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ kì í gba fríìdọ́ọ̀mù kó tó rán aṣọ tí oníbàárà wọ̀ jáde, kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Orí fóònù ni oníbàárà ti máa wò ó, nítorí náà bí `<meta name="viewport" content="width=device-width, initial-scale=1">` kò bá sí lókè, gbogbo lẹ́tà á kéré bí èèrà. Fọ́tò tí wọ́n yà tààrà látorí fóònù lè tó MB mẹ́ta sí márùn-ún. Kí wọ́n dín in kù sí 200 KB ó pẹ́ tán, kó má bàa jẹ dátà ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fò: àwọn kan nínú wọn kò tíì pé ọdún 18. Kí òbí buwọ́ lu ìwé, kí àgbà méjì máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Inú gúrúpù ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti máa wáyé, kò sí pé olùkọ́ ń fi ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ lálẹ́.

AráẸ̀pẹ́

Mo fara mọ́ ohun tí ìyá wa sọ, àmọ́ mi ò gbà pé gbogbo ọmọ méjìlá ló máa fẹ́ràn kóòdù. Ẹni tó bá sú kò gbọdọ̀ padà sílé. Excel ń gbani síṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ní ilé ìtajà oògùn, láti Ẹ̀pẹ́ níbí títí dé Àgbádárìgì.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìwé èsì ìdánwò ọmọ 40. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa pàdé VLOOKUP, àṣẹ Excel tó ń wá ohun kan nínú tábìlì, òun ló sì máa ń dójú ti ọ̀pọ̀ akọ̀wé. Bí èèyàn bá gbàgbé láti kọ FALSE sí ìparí rẹ̀, Excel á wá èyí tó sún mọ́ ọn, máàkì ọmọ kan á sì lọ sórúkọ ọmọ mìíràn láìsí error kankan. Kí wọ́n máa fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wá ọmọ, kì í ṣe orúkọ. Adébáyọ̀ lè tó mẹ́ta ní kíláàsì kan. Bí SUM (àròpọ̀) bá kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ wo igun àpótí bóyá ẹ máa rí àmì kékeré onígun mẹ́ta aláwọ̀ ewé: ọ̀rọ̀ ni Excel ka nọ́ńbà yẹn sí, kò rò ó mọ́ ọn. Orúkọ àdàpè ni kẹ́ ẹ fi kọ́ wọn o. Òfin ààbò dátà ti 2023 wà nílẹ̀, ìwé èsì ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun ìdánrawò.

Olùkọ́Ìgbógbó

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ohun mẹ́ta ló kù. Àwọn méjì tó wà ní LASUSTECH máa tó lọ SIWES, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ. Àwọn òbí ń béèrè sátífíkéètì. Ọmọkùnrin kan sì wà tó ń sọ láìfi bò pé Yahoo yá ju gbogbo èyí lọ. Kí n tó gbàgbé, kí la máa wò lára àlòkù kí á tó sanwó ní Ìkẹjà?

AlábòójútóIT

Ẹ kú làálàá, ẹ̀gbọ́n. Ti SIWES kọ́kọ́ ná. Láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ti dá a sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni ti yunifásítì, oṣù mẹ́rin ni ti ND ní pólì. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, torí ilé iṣẹ́ tó dára tètè máa ń kún. Kí wọ́n béèrè ohun méjì kí wọ́n tó gbà: ta ló máa bójú tó mi, kí sì ni ẹni tó ṣe SIWES níbí kẹ́yìn ṣe gan-an? Ibi tí wọn ò bá ti lè dáhùn ìkejì, fọ́tókọ́pì àti ríra oúnjẹ ọ̀sán ló ń dúró de ọmọ níbẹ̀. Kí wọ́n ṣírò owó ọkọ̀ pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ kékeré ní Ògòlóńtò tó ń jẹ́ kí ọmọ ṣí router wò sàn ju ilé ńlá ní Erékùṣù tó máa jẹ gbogbo owó àpò rẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà. Kí wọ́n máa kọ logbook lójoojúmọ́. "Mo kọ́ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì" kò sọ nǹkan kan. "Mo pààrọ̀ orí okùn mẹ́rin, mo rí i pé ihò (port) keje lára switch tó ń so àwọn ẹ̀rọ pọ̀ ti kú, mo gbé okùn rẹ̀ lọ sí ìkẹsàn-án" ni ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ máa kà.

Sátífíkéètì: ọ̀fẹ́ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. CS50, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti yunifásítì Harvard, kò gbowó, ó sì ń fún ẹni tó bá parí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ ní sátífíkéètì. Ọ̀fẹ́ ni freeCodeCamp. Cisco Networking Academy ní ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Packet Tracer, tó jẹ́ kí ọmọ so switch àti router pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà láìra ọ̀kankan. Ti ìjọba àpapọ̀, 3MTT (ètò ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ) tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, náà ò gbowó. CompTIA A+ (ti títún kọ̀ǹpútà ṣe) jẹ́ ìdánwò méjì, CCNA (ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì) jẹ́ ọ̀kan (200-301), ọdún mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lò, owó dọ́là sì ni. Ẹ má jẹ́ kí òbí kankan yá owó ìyẹn kí ọmọ tó máa yege dáadáa nínú ìdánwò ìdánrawò. Ẹni tó bá ní kí wọ́n sanwó fọ́ọ̀mù kí òun fún wọn níṣẹ́ dájú, kí wọ́n sá fún un.

Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ Yahoo, ẹ má nà án lọ́rọ̀ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ sọ òótọ́ fún un: ìyá ẹnì kan ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, òfin Cybercrimes ti 2015 sì ń ránni lọ sẹ́wọ̀n. Ìdájọ́ kan péré ti tó, báǹkì àti ilé iṣẹ́ tó ń wádìí èèyàn ò ní gbà á mọ́ láé. Ẹ má wá dúró síbẹ̀ o. Owó ló ń wá, ẹ fún un ní iṣẹ́ tó ń yára mówó wá kí oṣù kejì tó pé: pípààrọ̀ HDD (dísìkì àtijọ́ tó ń yí) sí SSD (èyí tó yára jù ú lọ), fífọ fáànù inú làpútọ́ọ̀pù tó ti dí fún eruku, fífi Windows tàbí Linux (ètò mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ Windows) sórí ẹ̀rọ. Kó ṣe mélòó kan lójú yín, kó tó gba ti oníbàárà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní account tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ yín, ọ̀dọ̀ olùkọ́ nìkan ni kí agbára administrator wà.

WáyàMẹ́jọ

Ti Ìkẹjà, ẹ mú flash àti router kékeré tó ní dátà dání.

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ). Microsoft ti dáwọ́ àbójútó Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Windows 11 sì ń fẹ́ TPM 2.0 (ohun ààbò inú ẹ̀rọ); bó bá jẹ́ Intel, kó jẹ́ ìran kẹjọ sókè, bíi i5-8250U. Bí owó ò bá tó ìyẹn, ẹ ra ìran kẹfà tàbí ìkeje, kí ẹ fi Linux Mint sórí rẹ̀. HTML, Git àti Python kò mọ ìyàtọ̀. RAM 8 GB, SSD 256 GB. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ tẹ Performance: ó máa sọ bóyá SSD ni tàbí HDD, ó sì máa sọ iye ihò RAM tí wọ́n ti lò nínú iye tó wà. Ẹ tẹ `powercfg /batteryreport` nínú Command Prompt, kí ẹ ṣí fáìlì tó bá gbé jáde. Bí Design Capacity bá jẹ́ 48,000 tí Full Charge sì jẹ́ 20,000, bátìrì ti lọ ju ìdajì lọ, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n pè.

Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ wọ BIOS, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn (HP máa ń lo F10, Dell máa ń lo F2). Bó bá béèrè páswọ́ọ̀dù, ẹ gbé e padà fún wọn. Ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹni tó ń tà á, kí wọ́n sì ṣe reset rẹ̀ níbẹ̀. Bó bá padà wá béèrè ímeèlì ilé iṣẹ́ kan tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ̀rọ oníǹkan ni, kò sí ẹni tó máa bá yín ṣí i lọ́jọ́ iwájú. Ẹ tẹ gbogbo kọ́kọ́rọ́ orí bọ́ọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ki flash bọ ihò USB kọ̀ọ̀kan, ẹ wo kámẹ́rà. Rìsíìtì tí ẹ máa gbà, kí serial number wà lórí rẹ̀, kí ó bá ti inú BIOS mu, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà sí i.